Ta Ló Fọn Trọ́ńpẹ́ẹ̀tì Yẹn?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tèmi. Mi ò mọ̀ bóyá inú ọkọ̀ lẹ wà tàbí ìdí ìkòkò ọbẹ̀, ibi yòówù kó jẹ́, ẹ káàbọ̀. Ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, òjò ò tíì dá láti àárọ̀. Bí ẹ bá ń gbọ́ tí nǹkan ń dún kọ́-kọ́-kọ́ lẹ́yìn mi, páìpù omi gbígbóná ni, kì í ṣe àlejò.

Ọ̀rọ̀ rẹ́kọ́ọ̀dù jáàsì ni tòní. Mo ti ń gbọ́ ẹ̀rín ẹlòmíì: "Ó tún ti bẹ̀rẹ̀!" Bẹ́ẹ̀ ni, mo tún ti bẹ̀rẹ̀, hàhàhà! Ọ̀kan nínú yín tó ń gbé ní Houston fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, ó ní, "Àǹtí mi, orin tó ti wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí fóònù, kí lẹ tún ń ra àtúntẹ̀ rẹ̀ sí lówó gọbọi?" Mo fẹ́ràn ìbéèrè yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n mi ò lè dáhùn ẹ̀ láìsọ ti màmá mi, torí náà ẹ fara balẹ̀ fún mi.

Màmá mi wá kí wa. Ọ̀rọ̀ físà, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú, ẹ̀gúsí tí wọ́n kì mọ́ àpótí, gbogbo ìyẹn lẹ mọ̀, ẹ jẹ́ ká fò ó. Àwo kan ti dé sílé ṣáájú wọn. Háíláìfù ni, ṣùgbọ́n jáàsì pọ̀ nínú ẹ̀ dáadáa, ẹgbẹ́ olórin kan ní Èkó ló ṣe é láyé àwọn ọdún 1960, ilé-iṣẹ́ kékeré kan ní Yúróòpù sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un tẹ̀. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ náà, mi ò sì ní dárúkọ ẹgbẹ́ náà, torí ọ̀rọ̀ ṣì ń lọ láàárín wa. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ọkùnrin, tí àwa ọmọ ń pè ní Bàbá Èkó, àwọn ni wọ́n ń fọn trọ́ńpẹ́ẹ̀tì nínú ẹgbẹ́ yẹn. Wọ́n ti di olóògbé, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ wọn.

Mo gbé abẹ́rẹ́ lé e. Kí trọ́ńpẹ́ẹ̀tì tó wọlé rárá, màmá mi ti na ìka kan sókè, wọ́n ní, "Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀." Ó sì wọlé lóòótọ́, níbi tí wọ́n na ìka sí gan-an! Orin tí wọn ò gbọ́ mọ́ láti ìgbà ọ̀dọ́ wọn! Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n ní ẹ̀yìnkùlé ilé àwọn ní Mushin ni Bọ̀dá ti máa ń dánra wò, tí ìyá wọn á máa pariwo pé kó gbé fèrè yẹn jìnnà, àwọn ará ilé fẹ́ sùn. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín.

Ìgbà yẹn ni wọ́n ní, "Gbé páálí ẹ̀ fún mi. Ibo ni wọ́n kọ Bọ̀dá sí?"

Wọ́n wọ awò ojú wọn. Wọ́n yí páálí náà sẹ́yìn, wọ́n sì ń fi ìka tẹ̀ lé e láti òkè bọ̀ wálẹ̀. Olórí ẹgbẹ́ wà níbẹ̀. Ẹni tó kọrin wà níbẹ̀. Ẹni tó fọn saxophone wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀, ẹni tó nu ariwo kúrò lára orin náà, ẹni tó ya páálí, ẹni tó kọ àlàyé gígùn, gbogbo wọn pé. Nígbà tí ìka wọn dé ibi trọ́ńpẹ́ẹ̀tì, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé wọn ò mọ ẹni tó fọn ọ́n. Olùkọ́ ni màmá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, òyìnbó ò ṣòro fún wọn. Wọ́n kà á. Wọ́n tún un kà. Wọ́n wá gbójú sókè wò mí, wọ́n ní, "Wọn ò mọ̀ ọ́n? Ta ni wọ́n bi?"

Ẹ̀yin tèmi, mi ò rí èsì fọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹlòmíì á ní, "Nítorí orúkọ kan lásán?" Ẹ dúró. Ẹ dúró ná. Jáàsì gan-an ló kọ́ mi láti máa ka ẹ̀yìn páálí. Ẹ mú Blue Note, ilé-iṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù jáàsì tí Alfred Lion, ọmọ Jámánì tó kó wá sí Amẹ́ríkà, dá sílẹ̀ ní New York lọ́dún 1939. Ẹ yí páálí wọn èyíkéyìí sẹ́yìn: gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá lọ́jọ́ yẹn ló wà níbẹ̀ pẹ̀lú ohun èlò tó mú lọ́wọ́. Wọ́n tún máa ń sanwó fún àwọn olórin láti wá dánra wò kí wọ́n tó gba ohùn wọn sílẹ̀, èyí tí àwọn ẹlòmíì kì í ṣe. Ẹni tó ń gbà á sílẹ̀, Rudy Van Gelder, pálọ̀ àwọn òbí rẹ̀ ní Hackensack, ní New Jersey, ló ti bẹ̀rẹ̀ kó tó kọ́ tirẹ̀ sí Englewood Cliffs lọ́dún 1959. Ẹ wo bí àwa tí a ń kó rẹ́kọ́ọ̀dù jọ ṣe ń ṣe: a ó gbé àwo sábẹ́ iná, a ó máa wá orúkọ Van Gelder níbi tí orin parí sí, níbi tí ike náà ti dán. Bí a bá rí i, owó àwo náà lọ sókè. Ọkùnrin yẹn ò fọn fèrè, kò lu ìlù! Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n bí orúkọ ẹni tó to ẹ̀rọ bá níye lórí tó bẹ́ẹ̀, ti ẹni tó fi èémí ara rẹ̀ fọn fèrè ńkọ́?

Ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé kò sí orúkọ wa nínú jáàsì. Solomon Ilori, Yorùbá ni, ó wà lórí The African Beat, àwo tí Art Blakey, onílù jáàsì ọmọ Amẹ́ríkà, gbà sílẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1962. Lọ́dún 1963, Blue Note gbé àwo tirẹ̀ jáde, African High Life. Ó tún gba àwọn orin mìíràn sílẹ̀ lọ́dún 1964, Donald Byrd fọn trọ́ńpẹ́ẹ̀tì níbẹ̀, Elvin Jones lu ìlù, àmọ́ wọn ò gbé e jáde. Ó wà nílẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí di 2006 kí wọ́n tó fi í kún CD àtúntẹ̀. Ogójì ọdún ó lé! Síbẹ̀, nígbà tó jáde, a mọ ẹni tó fọn fèrè, a mọ ẹni tó lu ìlù, nítorí pé wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n gbà á.

Randy Weston náà, atẹ-dùùrù jáàsì ọmọ Amẹ́ríkà, nígbà tó ṣe àwo rẹ̀ tó pè ní Highlife lọ́dún 1963, ó lu Niger Mambo níbẹ̀, ó sì jẹ́ kó hàn pé Bobby Benson ti Èkó ló ni ín. Inú mi máa ń dùn bí mo bá rí orúkọ Bobby Benson níbẹ̀. Mo lè fi àwo náà hàn yín báyìí tó bá jẹ́ pé ẹ ń rí mi, hàhà! Níbo ni mo bá ọ̀rọ̀ dé?

Ẹ̀hẹ́n. Mo ń gbọ́ ẹnì kan tó ń sọ pé, "Ó yẹ kí o dúpẹ́. Bí kì í bá ṣe àwọn òyìnbó yẹn, orin náà ì bá ti run." Mo dúpẹ́! Mo ti dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nínú lẹ́tà tí mo kọ sí ilé-iṣẹ́ náà nípa orúkọ Bàbá Èkó, ìlà àkọ́kọ́ gan-an ni. Wọ́n sọ nínú àlàyé wọn pé téèpù orin náà kò sí mọ́, ara àwo àtijọ́ kan ni wọ́n ti dà á kọ. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Kódà ní Amẹ́ríkà, níbi tí owó wà, lọ́jọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà ọdún 2008, iná jó ilé ìpamọ́ kan ní Universal Studios ní California. Ọdún 2019 ni New York Times tó tú u síta pé téèpù àkọ́kọ́ àwọn olórin rẹpẹtẹ wà nínú ohun tó jóná. Ilé-iṣẹ́ tó ni wọ́n jiyàn pé àdánù náà kò pọ̀ tó bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Bó ti wù kó rí, mo mọ̀ pé téèpù lè sọnù láìjẹ́ ẹ̀bi ẹni tó ń tún orin tẹ̀.

Ṣùgbọ́n orúkọ ńkọ́? Àwọn kan náà tó ní àwọn ò mọ ẹni tó fọn trọ́ńpẹ́ẹ̀tì, wọ́n wá ẹni tó fọn saxophone kàn ní Èkó kó lè tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn. Ó wà láàyè! Ó tọwọ́ bọ̀wé! Ẹ sọ fún mi, kí ló ná wọn láti bi í pé, "Bàbá, ta ló dúró tì yín?" Bí ẹ bá bi arúgbó olórin ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ á ṣú bá yín lọ́dọ̀ rẹ̀. Á sọ ẹni tó fọn ọ́n, á sọ ẹni tó fẹ́ fọn ọ́n tí wọn ò gbà fún, á sọ ẹni tó jí fèrè. Ohun tó ń dùn mí ò ju ìyẹn lọ. Kì í ṣe pé kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó bèèrè ni.

Ẹlòmíì á tún ní, "Àwa tí a ń ra àwo, bó ṣe dún ló kàn wá." Èmi náà ń rà á nítorí bó ṣe dún. Àwọn àtúntẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tone Poet, tí Blue Note bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2019, Kevin Gray ló ń gé orin wọn sí àwo láti ara téèpù, bí ẹ bá gbọ́ bí bẹ́ẹ̀sì ṣe ń rìn nínú yàrá, ẹ ó mọ ìdí tí owó fi ń tán lọ́wọ́ mi. Lọ́dún 2022, ó hàn pé ilé-iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, tí àwọn oníbàárà rò pé tààrà láti ara téèpù ló ń gé àwo, ti ń gba inú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà kọjá. Ariwo sọ, ọ̀rọ̀ dé kóòtù. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀, owó wọn ni, ó sì yẹ kí wọ́n mọ ohun tí wọ́n rà. Irú ìbínú yẹn gan-an ni mo ń wá nítorí àwọn olórin tí wọn ò kọ orúkọ wọn sí páálí.

Ìyẹn ló gbé mi dé ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú, ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ́ dá ará Houston lóhùn. Ẹ gbọ́. Ní Ìlú Ọba níbí, orin tó jáde kí ọdún 1963 tó wọlé, òfin ò dáàbò bo ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ náà mọ́. Ẹnikẹ́ni ló lè tẹ̀ ẹ́. Ẹ wọ ṣọ́ọ̀bù èyíkéyìí, ẹ ó rí orin àwọn ìlú-mọ̀ọ́ká jáàsì bíi Coltrane àti Miles Davis láti àwọn ọdún 1950 tí iye rẹ̀ wálẹ̀, tí kò sẹ́ni tó sọ ibi tí wọ́n ti rí ohùn tí wọ́n tẹ̀. Ike kò ṣọ̀wọ́n, ohùn kò ṣọ̀wọ́n. Kí ló wá kù tí àtúntẹ̀ kan fi lè sàn ju èkejì lọ? Ìtọ́jú ni, àti ìmọ̀. Kí n mọ téèpù tó ti wá, kí n mọ ọjọ́ tí wọ́n gbà á, kí n mọ àwọn tó wà níbẹ̀. Fóònù yẹn, àbúrò mi, kò ní ẹ̀yìn páálí. Lọ́pọ̀ ìgbà, orúkọ olórí ló máa ń kọ, ó tán. Bí Elvin Jones bá ń lu ìlù lẹ́yìn ẹlòmíì, fóònù lè má bá ẹ sọ ọ́. Ìdí tí mo fi ń rà á nìyẹn, kì í ṣe ike.

Ike gan-an kì í ṣe ohun tó dúró ṣinṣin. Ní oṣù kejì ọdún 2020, iná jó ilé-iṣẹ́ kan ní Banning ní California tó ń ṣe àwo tí wọ́n kọ́kọ́ máa ń gé orin sí. Ibi méjì péré ló ń ṣe é ní gbogbo ayé nígbà náà, èyí tó kù wà ní Japan. 

Babatunde Olatunji náà wá sí mi lọ́kàn, onílù, ọmọ Ajido lápá Badagry. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù kẹrin ọdún 1967, gbọ̀ngàn rẹ̀ ní Harlem ni John Coltrane ti ṣeré, oṣù keje ọdún yẹn ni Coltrane kú. Ọdún 2001 ni orin ọjọ́ yẹn tó di àwo títà. Ohùn rẹ̀ le, ó ń há, ó ń gún etí. Kò sẹ́ni tó dà á nù! Nítorí a mọ ẹni tí à ń gbọ́.

Ó dáa. Lẹ́tà mi. Wọ́n fèsì, wọ́n sì fèsì tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: kí n mú ẹ̀rí wá, àwọn á fi orúkọ náà sí i nígbà tí wọ́n bá tún tẹ òmíràn. Nígbà tí mo kà á fún màmá mi, wọ́n dìde. "Ẹ̀rí? Èmi gan-an lẹ̀rí!" Wọ́n sì ń rìn káàkiri pálọ̀ mi. Àmọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, wọ́n ti pe ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn ní Abẹ́òkúta, ó sì ti ya fọ́tò kan ránṣẹ́. Bàbá Èkó ló wà láàárín pẹ̀lú trọ́ńpẹ́ẹ̀tì. Ẹnì kan ti fi pẹ́ńsù kọ orúkọ gbogbo wọn sẹ́yìn fọ́tò náà, ṣùgbọ́n ti ẹni tó lu kóńgà ti pa rẹ́. Ẹ sì mọ̀ pé lórí páálí náà, wọ́n ní àwọn ò mọ ẹni tó lu kóńgà pẹ̀lú.

Mi ò tíì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí wọn. Màmá mi ní kí n má ì fi í ránṣẹ́, pé a ò ní kọ orúkọ Bọ̀dá àwọn nìkan ká fi ọmọ ẹlòmíì sílẹ̀. Nítorí náà, mo ti gbé fọ́tò náà síbi tí ẹ ti ń gbọ́ mi yìí. Apá òsì ni ẹni tó lu kóńgà náà wà, ó ga, ó kọ àbàjà, ó dé fìlà dúdú. Ẹ fi han àwọn àgbà ilé yín, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní àgbà tó gbé Mushin tàbí Yábàá láyé ìgbà yẹn. Bí wọ́n bá dá a mọ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn fúnra wọn fi ohùn ránṣẹ́ sí mi, kí wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń pè é, àti ti bàbá rẹ̀.