Ta Ló Dúró Ti Odùduwà Nílé?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì àti àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn nínú ilé sọ ní Iléṣà nìyí. Mo yọ ìkíni gígùn kúrò, mo sì tún ibi tí mo ti ń sáré sọ̀rọ̀ tò.

Ẹ̀yin ọmọ Obòkun, ẹ kú ìjókòó. N kò wá kọ́ yín ní ìtàn Ajíbógun. Ojú Odùduwà fọ́, wọ́n ní omi òkun ni yóò là á, àwọn ọmọ yòókù ò lè lọ, Ajíbógun ló gbéra. Ó pẹ́ lọ́nà débi pé wọ́n rò pé ó ti kú. Ìgbà tó fi máa bu omi òkun dé, wọ́n ti pín ogún, idà ló kù fún un. Ojú bàbá là, a sì ń fi oríkì Obòkun pe Ọwá, ọba Ìjẹ̀ṣà, títí dòní.

Ohun tí mo fẹ́ béèrè kò ju ẹyọ kan lọ. Ní gbogbo àsìkò tí Ajíbógun fi wà lójú ọ̀nà, ta ló ń fa bàbá lọ́wọ́ lọ sí ẹ̀yìnkùlé láàárọ̀? Ta ló ń ṣa egungun kúrò nínú ẹja rẹ̀? Ta ló ń sọ fún un pé ilẹ̀ ti mọ́? Ìtàn tí wọ́n sọ fún èmi ò dárúkọ onítọ̀hún. Ẹni tó lọ sí òkun ni ìtàn fẹ́ràn. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ nọ́ọ̀sì lọ́dọ̀ aláìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́, iṣẹ́ ẹni tó dúró sílé ni.

Ibà dà bí olè. Ó já wọlé lóru, a pariwo, a lé e, ó lọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, fòníkú-fọ̀ladìde àti rọpárọsẹ̀, òṣómàáló ni wọ́n. (Wọ́n rẹ́rìn-ín níbí. Ọmọ ọmọ òṣómàáló ni èmi náà, ẹ má bínú sí mi.) Bàbá òṣómàáló, Ìjẹ̀ṣà tó ń ta aṣọ láwìn, kì í fọ́ ilẹ̀kùn. Yóò kàn lóṣòó síwájú ilé ni, kò ní dìde títí yóò fi gba owó rẹ̀. O san díẹ̀ lónìí, ó tún dé lọ́la. Oògùn àràárọ̀ ni owó náà, abẹ́rẹ́ ínsúlìn ni, iyọ̀ tí a dín kù nínú ọbẹ̀ ni, omi tí ọmọ tó ní fòníkú-fọ̀ladìde gbọ́dọ̀ mu kí òùngbẹ tó gbẹ ẹ́ ni. Ọjọ́ tí o bá fò, èlé gorí rẹ̀. Mélòó ni mo ti rí tó ní ara òun ti yá, tó dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kígbe kó tó ṣe iṣẹ́ ibi.

Tó bá jẹ́ pé bí gbèsè yìí ṣe rí nìyẹn, ta ni yóò máa san án? Dókítà rí aláìsàn fún ìṣẹ́jú mélòó kan lóṣù. Ìyókù oṣù ńkọ́? Ibẹ̀ ni tíọ́rì nọ́ọ̀sì ti wúlò, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó ń há a sórí nítorí ìdánwò.

Virginia Henderson, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà, kọ ọ́ ní 1966 pé ohun tí èèyàn ìbá ṣe fúnra rẹ̀, bó bá ní agbára, ìfẹ́ inú tàbí ìmọ̀ láti ṣe é, ni nọ́ọ̀sì ń bá a ṣe, kó lè tètè padà dá dúró. Ó to nǹkan 14 sílẹ̀, láti orí mímí títí dé orí eré ìdárayá àti ẹ̀kọ́ kíkọ́. Dorothea Orem, nọ́ọ̀sì tí wọ́n bí ní Baltimore ní Amẹ́ríkà ní 1914, gba ọ̀nà tirẹ̀ nínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1971. Ó ní kálukú ló ń tọ́jú ara rẹ̀. Ìgbà tí ohun tí ara ń béèrè bá ju agbára ẹni náà lọ ni àlàfo ṣí sílẹ̀, inú àlàfo yẹn nìkan sì ni nọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ dúró sí. Bí aláìsàn kò bá lè gbé ìka, nọ́ọ̀sì ṣe gbogbo rẹ̀. Bó bá lè ṣe díẹ̀, wọ́n á jọ ṣe é. Bó bá lè ṣe é ṣùgbọ́n tí kò mọ̀ ọ́n, nọ́ọ̀sì á kọ́ ọ, á sì fà sẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ fún mi nígbà kan pé ó dà bí ká pọn ọmọ, ká fà á lọ́wọ́, ká wá jẹ́ kó máa rìn. N kò gbà. Àgbàlagbà tí àìsàn dá dúbúlẹ̀ kò padà di ọmọ ọwọ́, ẹ má sì bá a sọ̀rọ̀ bíi tọmọ ọwọ́.

Mo há ti Orem sórí dáadáa, mo yege. Mi ò mọ ohun tó ń sọ títí rọpárọsẹ̀ fi mú bàbá mi.

Télọ̀ ni wọ́n. Apá ọ̀tún ló rọ, ọwọ́ tí wọ́n fi ń di sísọ́ọ̀sì mú. Àwa ọmọ mẹ́fà pé lé wọn lórí. A ń wẹ̀ wọ́n, a ń fi ṣíbí bọ́ wọn, a ń bá wọn de bọ́tìnnì, kódà bí àlejò bá bi wọ́n pé ara ńkọ́, àwa là ń dáhùn. Èmi nọ́ọ̀sì ni mo ṣíwájú. Gbogbo àdúgbò ń kí wa kú ìtọ́jú bàbá. Kò tó oṣù mẹ́ta tí apá òsì, tí àìsàn ò fọwọ́ kàn, fi bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ bí ewé tí oòrùn pa.

Mátírọ́ọ̀nù kan tó ti fẹ̀yìn tì wá kí wọn. Ó jókòó, ó wò wá síwá sẹ́yìn, ó ní, “Kí lẹ fi sílẹ̀ fún bàbá láti ṣe?” Kò sẹ́ni tó lè fèsì. Màmá náà gba ṣíbí lọ́wọ́ mi, ó fi sí ọwọ́ òsì bàbá, ó ká aṣọ tútù sábẹ́ abọ́ kó má baà yọ̀. Ọbẹ̀ dà sí wọn láyà. Àbúrò bàbá mi obìnrin fajú ro: “Ṣé torí kí ẹ̀gbọ́n mi lè máa da ọbẹ̀ sára ni wọ́n ṣe bí ọmọ mẹ́fà?”

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ṣeré. Lójú tiwa, ọmọ tó bá fẹ́ràn bàbá rẹ̀ kì í jẹ́ kí bàbá fọwọ́ kan nǹkan kan. Ọ̀wọ̀ nìyẹn, ọ̀wọ̀ ọ̀hún ló sì fẹ́ sọ bàbá mi di igi. Madeleine Leininger, nọ́ọ̀sì tó kọ́ ìmọ̀ àṣà ẹ̀dá mọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ní àwọn àṣà kan wà tí a ó pa mọ́, òmíràn wà tí a ó bá dúnàá-dúrà, òmíràn sì wà tí a ó bá ẹbí tún ṣe. Dúnàá-dúrà la bá àbúrò bàbá mi ṣe. Níwájú àlejò, a ó bọ́ bàbá. Bí àlejò bá lọ, ṣíbí wà lọ́wọ́ òsì.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ aṣọ wíwọ̀ náà. Apá tó rọ ni a kọ́kọ́ ń ki bọ aṣọ. Tí a bá ń bọ́ ọ, apá tó le ló ń kọ́kọ́ jáde. Bàbá mi gbọ́ ìyẹn, wọ́n kígbe pé aṣọ tiwọn ni wọ́n rán lódì. Wọ́n ní kí ọmọṣẹ́ wọn la iwájú bùbá, kó fi bọ́tìnnì ńlá sí i, àwọn fúnra wọn fi ọwọ́ òsì di ẹfun mú, wọ́n sì fa ìlà ibi tí sísọ́ọ̀sì yóò gbà. Ìlà náà wọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ ni wọ́n ti padà sí ṣọ́ọ̀bù.

Juliet Corbin, nọ́ọ̀sì, àti Anselm Strauss, onímọ̀ nípa àwùjọ, lọ wo àwọn tọkọtaya tó ń bá àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́ gbé nínú ilé wọn. Iṣẹ́ mẹ́ta ni wọ́n bá níbẹ̀: iṣẹ́ àìsàn, iṣẹ́ ilé, àti iṣẹ́ kí èèyàn tún ìtàn ayé ara rẹ̀ tò. Àwa nọ́ọ̀sì mọ ti àkọ́kọ́. A mọ̀ pé ẹni tí kò lè yí ara rẹ̀ padà, ní bíi wákàtí méjì-méjì ló yẹ ká máa yí i kí ìdí má baà dá egbò. A mọ̀ pé kí ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, nítorí ẹsẹ̀ tó ti kú kò ní mọ̀ pé ìṣó wọlé. Ti ẹ̀kẹta ni kò sí lórí ṣáàtì wa. Télọ̀ tí kò lè di sísọ́ọ̀sì mú, ta ni báyìí? Ẹfun ọwọ́ òsì ni bàbá mi fi dáhùn.

Ẹ gbọ́, Florence Nightingale tí gbogbo wa ń búra lórúkọ rẹ̀, láti 1857 ni àìsàn ti ń dá a mọ́ ibùsùn fún ọdún gbọọrọ. Orí ibùsùn ló ti kọ èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ìwé tó kọ lórí ìtọ́jú aláìsàn ní 1859, ó sọ ọ́ níbẹ̀rẹ̀ pé kì í ṣe láti fi kọ́ nọ́ọ̀sì, àwọn obìnrin tó ń tọ́jú èèyàn nínú ilé lòun kọ ọ́ fún. Aláìsàn kọ ọ́ fún ẹni tó dúró sílé.

Kì í sì í ṣe òkè òkun nìkan. Ní 1956, Dókítà David Morley dé Ìmèsí-Ilé, tí kò jìnnà síbí, ilé ìwòsàn Wesley Guild ti Iléṣà yìí ló wà lẹ́yìn iṣẹ́ rẹ̀. Ó ya káàdì kan tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n ọmọ sí lóṣooṣù, ó sì gbé káàdì náà lé ìyá ọmọ lọ́wọ́ pé kó máa mú un relé. Àwọn kan rò pé ìyá ọmọ á sọ ọ́ nù. Wọn ò sọ ọ́ nù. Ìjẹ̀ṣà ò rídìí ìṣáná, ilé ló ti ń múná roko. Mo fẹ́ kí aláìsàn ẹ̀jẹ̀ ríru náà ní ìwé tirẹ̀ lọ́wọ́, èyí tí yóò fúnra rẹ̀ máa kọ nọ́ńbà sí, kó má jẹ́ pé inú fáìlì wa nìkan ni ìtàn ara rẹ̀ wà.

Ọ̀rọ̀ aláàbọ̀ ara, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kíákíá. Ní Ifẹ̀ nítòsí wa, wọ́n ní Ọbàtálá ló mọ àfín, abuké àti arọ, ẹni òòṣà ni wọ́n. Ọ̀rọ̀ dáadáa ni. Ṣùgbọ́n mo ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí àtẹ̀gùn mẹ́jọ wà lẹ́nu ọ̀nà kíníìkì, ọkùnrin méjì ló ń gbé ẹni òòṣà tòun ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ gòkè, ojú sì ń tì í. Òfin tí ìjọba àpapọ̀ buwọ́ lù ní January 2019 fún ilé ìjọba ní ọdún 5 láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe. Ọdún 5 yẹn ti pé. Ẹ ka àtẹ̀gùn ibi iṣẹ́ yín bí ẹ bá dé ibẹ̀ lọ́la.

Nígbà ìbéèrè, ìyá kan dìde lẹ́yìn. Ó ní, “Nọ́ọ̀sì, ọdún kẹfà rèé tí mo ti ń gbé ọkọ mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Ẹ̀yìn mi ń pa mí. Nínú ìwé gbogbo tí ẹ dárúkọ yìí, níbo ni èmi wà?”

Orem fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó ń tọ́jú ẹlòmíràn, mo lè fa ojú ewé yọ fún un. N kò fà á. Mo ní kó bọ́ síwájú. Ọmọkùnrin kan tó ń pín omi jókòó sórí àga, ó ṣe bí ẹni tí apá ọ̀tún rọ. Mo ní kí ìyá náà gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, kó tẹ orúnkún, kó má tẹ ẹ̀yìn, kí àyà rẹ̀ sún mọ́ ti aláìsàn, kó sì dúró de aláìsàn kó kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ tó le tẹlẹ̀. Ó gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan, kò bọ́ sí i. Ó ní òun kì í dúró dè é, òun kàn máa ń fà á sókè ni. Gbogbo gbọ̀ngàn wá ń bá a kà á: ení, èjì, ẹ̀ta. Ọmọkùnrin náà tẹ ẹsẹ̀ òsì mọ́lẹ̀, ó sì dìde.