Àǹtí, Máíkírósíkóòpù Wo Ló Dáa Jù?

Ẹ káàárọ̀ o. Láàbù wa ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, ni mo wà. Ẹ ti bi mí títí ó ti sú mi, ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣe é kí wọ́n tó mú iná.

Máíkírósíkóòpù yìí, oníná ni, ìmọ́lẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́. Síláìdì ẹ̀jẹ̀ tí mo ti fi aró tí wọ́n ń pè ní Giemsa pa láró rèé. Mo gbé e sí i. Lẹ́ńsì 10 ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi wá ibi tó dáa, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ò ti gun ara wọn. Ẹ wá ń bọ̀ lórí 100. Èyí tá à ń fojú sí, ìlọ́po 10 lòun náà, nítorí náà 1000 lẹ̀ ń wò yẹn.

Ẹ wo ọwọ́ mi. Mo yí lẹ́ńsì dé ìdajì, mo kán òróró kan péré, mo wá yí 100 wọlé. Kọ́ọ̀! Ẹ gbọ́ ọ? Tí kò bá sí òróró, tí ìmọ́lẹ̀ bá ti jáde nínú gíláàsì báyìí, á yà bàrá. Òróró ni kì í jẹ́ kó sá lọ. Nọ́ọ̀bù kékeré nìkan lẹ máa wá yí o, ńlá ló ń fọ́ síláìdì. Òun nìyẹn: òrùka aláwọ̀ aró, òkúta orí rẹ̀ pupa. Kòkòrò ibà!

Ẹ̀yin ọmọ IT, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wa, ẹ dákun, ẹ má yí 40 padà sínú òróró. Ọ̀kan nínú yín tiẹ̀ fi etí aṣọ nu lẹ́ńsì mi. Mo ṣì ń bínú.

Ìkejì, olójú méjì tí kò nílò síláìdì. Ẹ̀fọn odindi, kòkòrò ẹ̀wà, ẹ kàn gbé e síbẹ̀. Kì í sọ nǹkan di ńlá púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ máa rí gíga àti kòtò ara rẹ̀.

Ẹnìkan ní kí n fi oníná wo fáírọ́ọ̀sì kòrónà. Ẹ̀gbọ́n, ohun tí kò bá tó nǹkan bíi nánómítà 200 (tẹ́ ẹ bá pín mìlímítà kan sọ́nà mílíọ̀nù, ọ̀kan nínú rẹ̀ ni nánómítà), ìmọ́lẹ̀ ò lè là á yéni; kòrónà ò sì ju nǹkan bí 100 lọ. Ẹ fà á títí, bàìbàì ni, bíi fọ́tò fóònù. Ti ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù, èyí tó ń lo ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù dípò ìmọ́lẹ̀, lẹ nílò. Àwọn ẹnjiníà méjì, Ruska àti Knoll, ló ṣe é ní Jámánì ní 1931. Wọ́n á fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán, torí náà ohun abẹ̀mí ò lè wà láàyè níbẹ̀. Dúdú àti funfun ló ń yà. Àwọ̀ tẹ́ ẹ̀ ń rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n kùn ún ni.

Ẹni tó bá fẹ́ ra ti ẹ̀jẹ̀, ẹ kà á kẹ́ ẹ tó sanwó: àwọn kan ń ta èyí tí lẹ́ńsì rẹ̀ parí sí 40, tí kò ní 100.