x² + 10x = 39: Ìdáhùn Kejì Tí Ẹ Máa Ń Gbàgbé

Ẹ wo ìdọ́gba tó wà lójú bọ́ọ̀dù yìí: x² + 10x = 39. Al-Khwarizmi, onímọ̀ ìṣirò ayé àtijọ́, fi í kọ́ àwọn èèyàn ní Baghdad ní nǹkan bí ọdún 820, títí dòní, kò sí ìdọ́gba tó dùn mọ́ mi tó o.

A ò ní lo fọ́múlà. Ẹ kà á sí ilẹ̀. Ilẹ̀ onígun mẹ́rin, gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ x: x² nìyẹn. Ẹ fẹ̀ ẹ́ ní 5 lápá ọ̀tún, ẹ fẹ̀ ẹ́ ní 5 nísàlẹ̀. 5x àti 5x, 10x ti délé. Àmọ́ ẹ wo igun yẹn! Ó ṣófo! Kí ló máa dí i? 5 lọ́nà 5, 25. Áà, ẹ rí i bó ṣe dùn tó? Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń ní kí ẹ pín 10 sí méjì, kí ẹ wá fi ìdajì náà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀. Igun ilẹ̀ yẹn lẹ ń dí.

Ẹ fi 25 sí apá òsì ìdọ́gba wa, ẹ fi sí apá ọ̀tún rẹ̀ náà. APÁ MÉJÈÈJÌ! 39 + 25, 64. Ilẹ̀ wa ti di onígun mẹ́rin ńlá, gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jẹ́ x + 5. Ó di (x + 5)² = 64.

Ó yá, ẹ rọra. Ibí ni máàkì ti ń bọ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ ó kọ x + 5 = 8, x = 3, ẹ ó fa ìlà sí i nídìí, ó parí. Rárá o! Kò tíì parí! Lóòótọ́ ni 8 lọ́nà 8 jẹ́ 64. −8 lọ́nà −8 ńkọ́? 64 náà ni! NỌ́ŃBÀ MÉJÌ ló wà níbẹ̀. Mo tún un sọ: MÉJÌ! Ẹ kọ ±8. Tó bá jẹ́ −8, x di −13. Ẹ dán an wò: 169 − 130, 39 gééré.

Al-Khwarizmi fúnra rẹ̀, 3 nìkan ló mú. Àwòrán onígun mẹ́rin ló ń yà, ẹ̀gbẹ́ àwòrán kì í sì í jẹ́ −13. Ẹ̀yin ńkọ́? Tí WAEC bá ní kí ẹ wá x, tí kò dárúkọ ilẹ̀ tàbí ọjọ́ orí, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Tó bá dárúkọ ilẹ̀, ẹ ṣì kọ méjèèjì, kẹ́ ẹ tó fa igi lé −13, kẹ́ ẹ sì sọ ìdí.

Ó kàn yín: x² − 6x = 16. Ẹ dá fídíò dúró, ẹ ṣe é. Tí ẹ ò bá rí 8 àti −2, ẹ padà síbi igun yẹn.