Ẹnu-Ọ̀nà Onígbèsè: Ohun Tí Bíbélì Sọ fún Ẹni Tó Ń Gba Owó Rẹ̀ Lọ́wọ́ Tálákà

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin ará Iléṣà, mo kí yín. Ìlú tí ìsọjí ọdún 1930 ti bẹ̀rẹ̀ ní Òkè-Oyè kò nílò kí ẹnikẹ́ni wá sọ fún un pé kí a ṣàánú tálákà. A mọ̀ ọ́n, a sì máa ń ṣe é nígbà Kérésì àti ìkórè. Ohun tí a kì í sábà wàásù lé lórí ni mo fẹ́ bá yín sọ: báwo ni ó ṣe yẹ kí Kristẹni gba owó tó jẹ́ tirẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tí kò ní?

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìjẹ̀ṣà. Àwọn bàbá wa òṣómàáló ru aṣọ láti ìlú dé ìlú, wọ́n tà á láwìn, wọ́n sì ń padà lọ gba owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ ọlá ni, ó kọ́lé, ó sì rán ọmọ níwèé. Ṣùgbọ́n gbogbo Yorùbá ló mọ bí wọ́n ṣe ń sin gbèsè. Wọn á lóṣòó sẹ́nu-ọ̀nà onígbèsè, wọn kò ní dìde títí owó yóò fi jáde, ojú gbogbo àdúgbò á sì wà lára ẹni náà.

Ẹ wá ṣí Deutarónómì orí 24, ẹsẹ 10 sí 13. Òfin yìí kò ní kí ẹni tó yáni lówó fi owó rẹ̀ tọrẹ. Ó lè gba ohun ìdógò. Àmọ́ kò gbọdọ̀ wọlé onígbèsè lọ mú un. Ìta ni yóò dúró sí, onígbèsè ni yóò mú un jáde wá fúnra rẹ̀. Ẹ rò ó wò, ará. Ọkùnrin náà jẹ gbèsè, síbẹ̀ òun ṣì ni baálé ilé rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú àpótí rẹ̀ lójú ìyàwó àti ọmọ. Bó bá sì jẹ́ pé tálákà ni, tó jẹ́ aṣọ ìbora ló fi dógò, kí a dá a padà fún un kí oòrùn tó wọ̀. Ẹ́kísódù 22 sọ ìdí rẹ̀: aṣọ kan ṣoṣo tó ní nìyẹn, kí ni yóò fi sùn? Bó bá ké pe Ọlọ́run, Ọlọ́run ní òun yóò gbọ́. Ibẹ̀ náà ló ti ní kí a má gba èlé lọ́wọ́ tálákà.

Ẹsẹ 6 nínú Deutarónómì 24 yẹn ní kí a má gba ọlọ tàbí ọmọ ọlọ dógò, torí ẹ̀mí onítọ̀hún la gbà yẹn. Lónìí, màṣíìnì télọ̀ ni, ọ̀kadà ni, fìríìsà ìyá tó ń ta omi tútù ni. Bí ẹ bá gbé e lọ, níbo ni owó tí ẹ ń béèrè yóò ti wá?

Ámósì 2:8 máa ń bà mí lọ́kàn jẹ́. Àwọn kan na ara sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ pẹpẹ lórí aṣọ tí wọ́n gbà dógò. Wọn kò pa ìsìn jẹ rárá!

Nígbà Nehemáyà, ìyàn mú. Àwọn Júù fi oko, ọgbà àjàrà àti ilé dógò nítorí oúnjẹ. Àwọn mìíràn yáwó san owó orí ọba, títí ọmọ wọn fi di ẹrú lọ́wọ́ àwọn arákùnrin wọn. Àwọn baba ńlá wa mọ irú rẹ̀. Ìwọ̀fà ń fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ dí èlé, owó tí a yá kò sì dín. Inú bí Nehemáyà gidigidi. Ó pe àpéjọ ńlá, ó bá àwọn ìjòyè wí lójú gbogbo ènìyàn. Ó sọ pé òun àti àwọn ènìyàn òun náà ń yá wọn lówó àti ọkà, ó ní kí gbogbo wọn jáwọ́ nínú èlé, kí wọ́n sì dá oko àti ilé padà lọ́jọ́ náà gan-an. Wọ́n gbà, ó sì mú wọn búra níwájú àwọn àlùfáà.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń tajà ní Àtakúmọ̀sà ohun tí owó gbọ́múlélántà, ìyẹn owó tí a yá pẹ̀lú èlé gọbọi, ń fojú èèyàn rí. Ti orí fóònù tilẹ̀ burú ju ti òṣómàáló lọ. Ìta ni òṣómàáló jókòó sí. Àwọn kan nínú àwọn tó ń yáni lówó lórí fóònù wọ inú fóònù onígbèsè, wọ́n kó nọ́ńbà gbogbo èèyàn rẹ̀, wọ́n sì fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí àna, sí ọ̀gá, sí pásítọ̀, pé olè ni. Wíwọlé tí Deutarónómì kọ̀ nìyẹn.

Mo bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń darí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú ìjọ: ẹ má ka orúkọ onígbèsè lórí pẹpẹ. Ẹ lọ bá a níkọ̀kọ̀, kí ẹ wo ohun tó ń wọlé fún un, kí ẹ pín owó náà sí iye tí ọwọ́ rẹ̀ lè ká. Ẹ má gbé ohun èlò iṣẹ́ rẹ̀.

Ìyá kan bi mí pé ẹni tó ní owó lọ́wọ́ tó kọ̀ láti san ńkọ́? Sáàmù 37:21 pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ènìyàn búburú. Ẹ pè é síwájú àwọn àgbà, kí wọ́n gba owó yín fún yín. Ẹni tí aṣọ rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ ni òfin tí a kà yìí ń gbèjà.