Bàbá Tí Kò Gbé Ìyá Ọmọ Níyàwó: Ohun Tí Òfin Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales Sọ

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀pọ̀ bàbá tí kò gbé ìyá ọmọ níyàwó máa ń sọ pé: "Èmi ni mo bí i, èmi ni mo ń bọ́ ọ, kí ló tún kù?" Ohun tó kù ni èyí tí òfin Children Act 1989 ń pè ní parental responsibility. Ẹ jẹ́ ká pè é ní àṣẹ òbí. Òun ló ń jẹ́ kí ènìyàn lẹ́nu ọ̀rọ̀ lórí ilé ìwé ọmọ, ìtọ́jú rẹ̀ nílé ìwòsàn àti orúkọ rẹ̀. Gbàrà tí ìyá bá ti bímọ ló ti ní in. Bàbá tí òun àti ìyá ọmọ ṣègbéyàwó náà ní in, bó bá tilẹ̀ jẹ́ pé lẹ́yìn ìbí ọmọ ni wọ́n ṣe é. Àwọn bàbá yòókù ní láti wá a ni. Owó oúnjẹ tí wọ́n ń san kì í mú un wá, àyẹ̀wò DNA kì í mú un wá. Síbẹ̀ gbèsè owó ìtọ́jú ọmọ wà lọ́rùn bàbá, ó ní àṣẹ o, kò ní in o.

Ọ̀nà tó yá jù ni ìwé ìbí. Bàbá tí orúkọ rẹ̀ bá wọ ìwé ìbí láti ọjọ́ kìíní oṣù Kejìlá ọdún 2003 ti ní àṣẹ òbí. Ọjọ́ 42 ni òfin fi sílẹ̀ láti forúkọ ọmọ sílẹ̀. Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe: wọ́n á ní kí ìyá dá lọ. Bó bá dá lọ láìmú ìwé ìbúra bàbá dání, wọn ò ní kọ orúkọ bàbá sí i. Ẹ jọ lọ. Ẹ kíyè sí i pé ìwé ìbí tí wọ́n gbà lẹ́yìn òde UK kò ka fún ọ̀nà yìí.

Bí ọ̀nà ìwé ìbí kò bá ṣeé gbà, tí ìyá sì gbà kí bàbá ní àṣẹ òbí, fọ́ọ̀mù C(PRA1) wà, ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ má fọwọ́ sí i nílé! Iwájú òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ ìdílé ni wọ́n ti ń fọwọ́ sí i, pẹ̀lú ìwé ìbí ọmọ àti ìwé ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi í ránṣẹ́ sí Central Family Court ní London. Bí wọn ò bá tíì kọ ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, kò tíì múlẹ̀.

Bí ìyá bá kọ̀, ó di ilé ẹjọ́. Fọ́ọ̀mù C1 ni ti àṣẹ òbí nìkan. Adájọ́ á wò ó bóyá bàbá náà ń dúró ti ọmọ, bóyá ọmọ mọ̀ ọ́n, àti ìdí tó fi ń béèrè. Bí bàbá bá fẹ́ kí ọmọ máa gbé lọ́dọ̀ òun, tàbí kí òun máa rí i, fọ́ọ̀mù C100 ni. Kò nílò ìyọ̀ǹda ilé ẹjọ́ kó tó kọ ọ́, torí bàbá ni. Ṣùgbọ́n ó ní láti kọ́kọ́ rí alárinà tó ń bá ìdílé parí aáwọ̀ (mediator), àfi tí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti ìwà ipá nínú ilé tàbí ti pàjáwìrì. Cafcass, àjọ tó ń gba ilé ẹjọ́ nímọ̀ràn lórí ire ọmọ, á yẹ àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá àti ti ìjọba ìbílẹ̀ wò kí ìgbẹ́jọ́ àkọ́kọ́ tó dé. Bí adájọ́ bá ní kí ọmọ máa gbé lọ́dọ̀ bàbá, dandan ni kó fún un ní àṣẹ òbí pẹ̀lú. Àwọn tó ń fi ojú ewé mẹ́wàá bú ìyá ọmọ kàn ń ba ẹjọ́ ara wọn jẹ́ ni: ire ọmọ ni adájọ́ ń wá.

Ọ̀rọ̀ ìrìn àjò ló léwu jù. Bí bàbá ò bá ní àṣẹ òbí, tí kò sì sí àṣẹ ilé ẹjọ́ kankan, ìyá lè gbé ọmọ lọ sókè òkun láìbi í. Bí bàbá bá ti gbọ́ pé wọ́n ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, kó má dúró de C1. Kó fi C100 béèrè prohibited steps order, ìyẹn àṣẹ ilé ẹjọ́ tó ń ka irú ìgbésẹ̀ bẹ́ẹ̀ léèwọ̀, ní kíákíá, èyí tí adájọ́ lè fúnni kí ìyá tó gbọ́ rárá.