Ta Ló Ní Ibùsùn? Ìtàn Ilé Ẹgbẹ́ Akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Cornell

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Mo mọ̀ pé bí a bá dárúkọ fraternity létí ọmọ Yorùbá, àáké àti ìbọn ló kọ́kọ́ máa ń wá sí i lọ́kàn, nítorí ohun tí ojú wa ti rí nílé ẹ̀kọ́ gíga tiwa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ìyẹn tì ná. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ọkùnrin tó ń jọ gbé ilé kan, tí wọ́n sì ń yan ẹni tó máa wọlé fúnra wọn, ni fraternity. Yunifásítì Cornell ní ìlú Ithaca, ìpínlẹ̀ New York, ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí, ohun tí mo sì fẹ́ kí a jọ wò ni ọ̀rọ̀ ibùsùn. Ilé ẹ̀kọ́ lè ṣílẹ̀kùn kíláàsì sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Bí kò bá pèsè ibi tí ọmọ máa sùn àti ibi tó ti máa jẹun, ẹlòmíràn ni yóò máa yan ẹni tó máa rójú dúró níbẹ̀.

Ezra Cornell, ẹni tí òwò tẹligíráàfù sọ di ọlọ́rọ̀, ní òun fẹ́ dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kọ́ ẹ̀kọ́ èyíkéyìí tó bá wù ú. Oṣù Kẹwàá 1868 ni wọ́n ṣí i, lórí òkè, ìlú wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá adágún. Owó tí wọ́n ní kò tó kọ́ kíláàsì àti ilé ìgbé pọ̀. Andrew Dickson White, ọ̀gá àgbà àkọ́kọ́, ti ṣe ẹgbẹ́ fraternity nígbà tó wà ní Yale, ó sì nífẹ̀ẹ́ sí wọn. Èrò tirẹ̀ ni pé ọ̀dọ́ tó bá mọ̀ pé ilé náà ti òun ni kò ní bà á jẹ́, kò sì ní hùwà ìpáǹle nínú rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ẹgbẹ́ ọkùnrin wọ̀nyí ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ọdún àkọ́kọ́ gan-an, tó fi wá di pé wọ́n ń kọ́lé ńláńlá sórí ilẹ̀ yunifásítì fúnra rẹ̀. Ọ̀nà ọgbọ́n ni White rò pé ó jẹ́, owó sì ló bí ọgbọ́n yẹn. Àmọ́ látìgbà náà ni yunifásítì ti gbé kọ́kọ́rọ́ ilé lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan lọ́wọ́ pé kí wọ́n máa yan ara wọn.

Kò pẹ́ tí aburú fi wọ̀ ọ́. Lóṣù Kẹwàá 1873, wọ́n mú Mortimer Leggett, ọmọ ọ̀gágun kan, jáde lóru kó lè wọ ẹgbẹ́ Kappa Alpha. Ó já sínú ọ̀gbun àpáta kan, ó sì kú. Ọmọ ọdún àkọ́kọ́ ni.

Ti àwọn obìnrin yàtọ̀. Yunifásítì kọ́ Sage College fún wọn ní 1875, wọ́n sì rí ibi sùn. Ìyẹn ni mo fi gbà pé kò sí ohun tó ń lé wọn débi ẹgbẹ́: 1881 ni ẹgbẹ́ obìnrin àkọ́kọ́, Kappa Alpha Theta, ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ẹ wá wò ó, nígbà tí àwọn obìnrin aláwọ̀ funfun kọ̀wé ẹ̀bẹ̀ ní 1911 pé kí wọ́n má gba ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú sí Sage, ọ̀gá àgbà ìgbà náà, Jacob Gould Schurman, lè dá wọn lóhùn pé gbogbo ilẹ̀kùn yunifásítì gbọ́dọ̀ wà ní ṣíṣí fún gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Ilé tirẹ̀ ni. Ó láṣẹ lórí ilẹ̀kùn ibẹ̀. Kò ní irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ lórí ilé àwọn ẹgbẹ́.

Ibi tí mo fẹ́ dúró sí díẹ̀ nìyí. Nígbà tí ọdún ẹ̀kọ́ 1905 bẹ̀rẹ̀, mẹ́fà nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú tó wà ní Cornell lọ́dún tó ṣáájú kò padà wá mọ́. Àwọn tó kù fọ́n káàkiri ìsàlẹ̀ ìlú, nílé àwọn aláwọ̀ dúdú tó ń gbé ibẹ̀, wọ́n sì ń fẹsẹ̀ gun òkè lọ sí kíláàsì. Àwọn kan nínú wọn ń gbé oúnjẹ fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ nínú ilé àwọn aláwọ̀ funfun. Ẹ fojú inú wò ó: ọmọ tí ẹ jọ jókòó ní kíláàsì ìṣirò láàárọ̀, ìwọ lò ń bu ọbẹ̀ fún un lálẹ́. Nídìí tábìlì yẹn, wọ́n rí i bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ṣe ń ran ara wọn lọ́wọ́ lórí ìwé, àti bí àwọn àgbà tó ti jáde ṣe ń fa ọmọ sókè.

Wọ́n kọ́kọ́ kó ara wọn jọ láti máa kàwé pọ̀. Àríyànjiyàn wà láàárín wọn: àwọn kan ní ẹgbẹ́ ìwé kíkà ti tó, àwọn kan ní fraternity gidi làwọn fẹ́. Ilé ìdílé Newton, ojúlé 421, North Albany Street, ni wọ́n ti ń pàdé, nígbà tó sì di ọjọ́ 4 oṣù Kejìlá 1906, Alpha Phi Alpha dúró. Àwọn méje tí wọ́n kà sí olùdásílẹ̀ ni Henry Callis, Charles Chapman, Eugene Kinckle Jones, George Kelley, Nathaniel Murray, Robert Ogle àti Vertner Tandy. Ọdún kan lẹ́yìn náà, ẹ̀ka kejì ti dé Yunifásítì Howard. Tandy wá di ayàwòrán-ilé aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba ìwé àṣẹ ní ìpínlẹ̀ New York; òun ló ya ilé ńlá Madam C. J. Walker, obìnrin aláwọ̀ dúdú tí òwò ohun ìtọ́jú irun sọ di ọlọ́rọ̀. Jones darí National Urban League, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nínú ẹgbẹ́ kan náà ni Thurgood Marshall, adájọ́ aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ nílé ẹjọ́ tó ga jù ní Amẹ́ríkà, àti Martin Luther King ti jáde. Lójú tèmi, kì í ṣe pé wọ́n sín àwọn aláwọ̀ funfun jẹ. Ohun tí wọ́n fi du wọn ni wọ́n fi ọwọ́ ara wọn ṣe. Bákan náà ni àwọn ọmọbìnrin Júù méje ṣe ní 1917, tí wọ́n dá Sigma Delta Tau sílẹ̀ ní Cornell kan náà.

Àwọn kan gba ọ̀nà mìíràn, ti ilé àjùmọ̀gbé. Ọlọ́rọ̀ kan tó ń pèsè iná mànàmáná, L. L. Nunn, kọ́ Telluride House ní nǹkan bí 1910. Ọ̀fẹ́ ni yàrá àti oúnjẹ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló sì ń ṣàkóso gbogbo rẹ̀ fúnra wọn. Frances Perkins, obìnrin àkọ́kọ́ tó di mínísítà ní Amẹ́ríkà, lo àwọn ọdún ìkẹyìn ayé rẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Watermargin ló wù mí jù. Ní 1948, lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, nígbà tí òfin ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ ṣì ń sọ pé aláwọ̀ funfun àti Kristẹni nìkan ni àwọn ń gbà, àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ní àwọn yóò jọ gbé láìka àwọ̀ tàbí ẹ̀sìn sí. Wọ́n jọ ń pín iṣẹ́ ilé náà ṣe. Ilé ọ̀hún kò tíì wó.

Ọdún 1969 ni ọ̀rọ̀ ibùsùn bú gbàù. Wari House, ilé àjùmọ̀gbé àwọn ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú, kò tíì pé ọdún kan. Mọ́jú ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin, wọ́n sun àgbélébùú sí ẹnu ọ̀nà ilé náà, àmì tí Ku Klux Klan fi ń dẹ́rù ba ìdílé aláwọ̀ dúdú láti ọdún pípẹ́. Lọ́jọ́ kejì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú fi ẹ̀hónú hàn, wọ́n gba gbọ̀ngàn Willard Straight, ilé ìpàdé gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Delta Upsilon gba ojú fèrèsé wọlé láti lé wọn jáde. Ìjà ṣẹlẹ̀, wọ́n sì lé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ náà padà. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìbọn wọ inú gbọ̀ngàn, nítorí àwọn tó wà nínú rẹ̀ gbà pé àwọn mìíràn tún ń bọ̀. Àwòrán wọn bí wọ́n ṣe ń jáde ní ọjọ́ 20 tòun ti ìbọn lọ́wọ́ gba Pulitzer, ẹ̀bùn ńlá fún iṣẹ́ ìròyìn ní Amẹ́ríkà. Kí ọdún tó parí, ọ̀gá àgbà James Perkins ti kúrò nípò. Àwọn ìwé ìtàn fẹ́ràn ìbọn yẹn. Èmi fẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà Wari.

Àwọn ọmọ kan ṣì ń kú nínú ilé ẹgbẹ́ títí di ìgbà tiwa. Ní 2011, ọtí pa ọmọ ọdún 19 kan níbi eré ìgbàwọlé ẹgbẹ́, ọ̀gá àgbà David Skorton sì ní àṣà fífi ìyà jẹ ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ dópin. Láti 2001 ni yunifásítì ti ń kó gbogbo ọmọ ọdún àkọ́kọ́ sí ibì kan náà, ní àríwá ọgbà. Ní 2022, nígbà tí wọ́n parí ilé tuntun tó gba nǹkan bí 2,000 èèyàn, wọ́n sọ ọ́ di dandan pé kí ọmọ ọdún kejì náà máa gbé inú ọgbà; ilé ẹgbẹ́ àti ilé àjùmọ̀gbé wà lára ibi tó lè yàn. Àwọn tó bá ti wọ ọdún kẹta ṣì ń wá ilé fúnra wọn.