Ojú Lọ̀rọ̀ Wà, Àbí Ibi Iṣẹ́? Ẹ̀kọ́ Oyè Másítà nínú Ìlera Alábọ́ọ́dé Àgbáyé Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Alága ìjókòó, ẹ̀yin ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera tí ẹ fi àkókò ìsinmi yín sílẹ̀ láti wá gbọ́ mi, mo kí yín. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n fún mi, mo sì ti mọ̀ pé yóò tán kí n tó ka ìdajì ìwé tó wà lọ́wọ́ mi.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo bá wá. Àwọn kan gbà pé ẹni tí kò rí ọ̀nà lọ sí yunifásítì ló ń fi ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tu ara rẹ̀ nínú. Èmi ní tèmi sọ pé, bí ó bá jẹ́ ti ìlera alábọ́ọ́dé (primary health care), ìyẹn ìtọ́jú àkọ́kọ́ tí ará ìlú ń rí ní àdúgbò wọn, òun gan-an ni ọ̀nà tó tọ́, nítorí pé ibi iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ni ohun tí à ń kọ́ wà.

Ẹ ti mọ ìtàn Alma-Ata, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1978, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè 134 péjọ sí ìlú yẹn, tí a ń pè ní Almaty ní Kazakhstan lónìí. Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí Halfdan Mahler ń darí nígbà náà, àti UNICEF ló pè wọ́n jọ, wọ́n sì pinnu pé ìlera alábọ́ọ́dé ni kí a fi mú kí ìlera kárí gbogbo ènìyàn kí ó tó di ọdún 2000. Ohun tí a kì í sábà tẹnu mọ́ ni ibi tí ìmọ̀ náà ti ṣẹ̀ wá. Ní ọdún 1940, Sidney Kark àti Emily ìyàwó rẹ̀, tí àwọn méjèèjì jẹ́ dókítà, dá ilé ìlera sílẹ̀ ní Pholela ní South Africa. Àwọn àti àwọn òṣìṣẹ́ wọn ń lọ láti ilé dé ilé, wọ́n ń béèrè ohun tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń jẹ, wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń gba àwọn ará àdúgbò níyànjú láti dá ọgbà ewébẹ̀. Ní China, àwọn àgbẹ̀ tí wọ́n fi oṣù díẹ̀ kọ́ ní ìtọ́jú aláìsàn, tí ayé mọ̀ sí dókítà aláìwọ-bàtà, kò fi oko wọn sílẹ̀. Ìmọ̀ yìí hù láti inú iṣẹ́. Kí ló wá dé tí ẹni tó fẹ́ kọ́ ọ yóò fi kọ́kọ́ fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún ọdún kan?

Ẹ jẹ́ kí n fi hàn yín bí ó ṣe ń rí. Ní ọdún 1979, àwọn olùwádìí méjì, Julia Walsh àti Kenneth Warren, dábàá pé, bí owó kò bá tó fún gbogbo nǹkan, kí a mú ìwọ̀nba àrùn tó ń pani jù, kí a gbájú mọ́ wọn. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí. Ẹ wá fi í síwájú akẹ́kọ̀ọ́ méjìlá lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ọ̀sẹ̀ kan. Nọ́ọ̀sì tí fíríìjì abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀ ti bàjẹ́ yóò kọ èrò rẹ̀ ní alẹ́. Dókítà ìdílé tí àwọn aláìsàn rẹ̀ ń ru àrùn mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà yóò kà á ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ní ìpẹ̀kun ayé mìíràn. Kò ní dáhùn lójú ẹsẹ̀. Yóò kọ́kọ́ ṣí ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn rẹ̀, yóò bi agbẹ̀bí tó ń bá a ṣiṣẹ́ léèrè, kí ó tó kọ èsì. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè, ibí yìí sì ni mo ti rí i tó ń ṣẹlẹ̀ ní ti gidi.

Àwọn alátakò mi a máa sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n nínú gbọ̀ngàn tí igba akẹ́kọ̀ọ́ ti jókòó, ìpàkọ́ ẹni iwájú ni ọ̀pọ̀ wọn ń wò, n kò sì tíì gbọ́ pé ọ̀rọ̀ wà ní ìpàkọ́. (Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín; ọ̀rẹ́ mi kan tó wà ní ìlà iwájú kò rín.) Mo gbà fún wọn pé ẹni tó bá gba ohùn wákàtí méjì sílẹ̀, tó gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, tó sì pè é ní ẹ̀kọ́, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Olùkọ́ ní láti máa ka ohun tí wọ́n kọ lójoojúmọ́.

Ẹ̀kọ́ láti òkèèrè kì í sì í ṣe ohun tuntun: láti ọdún 1858 ni Yunifásítì London ti gba àwọn tí kò kàwé nínú ọgbà rẹ̀ láàyè láti ṣe ìdánwò oyè.

Bí mo ṣe fẹ́ bọ́ sórí ohun tó wà nínú ẹ̀kọ́ náà ni nọ́ọ̀sì àgbà kan nawọ́ sókè. Ó ní: “Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ ṣé o. Ẹ ní ibi iṣẹ́ ni ilé-ẹ̀kọ́. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa kì í dúró, owó tí dókítà ìlú olówó ń san náà ni wọ́n sì ní kí èmi san. Ta ni ẹ̀kọ́ yìí wà fún?”

Mo gbé ìwé mi sílẹ̀. Ní ọdún 1971, Julian Tudor Hart, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ ní abúlé awakùsà kan ní Wales, kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Lancet pé ibi tí àìní ìtọ́jú pọ̀ sí jù ni ìtọ́jú tó dára ti máa ń ṣọ̀wọ́n jù, ó sì pe èyí ní òfin. Ohun tí màmá yìí ń sọ ni pé òfin náà ti wọ inú ẹ̀kọ́. Bí ó bá sì rí bẹ́ẹ̀, àríyànjiyàn tèmi ló kọ́kọ́ ń bá wí: n kò lè sọ pé ibi iṣẹ́ ni ilé-ẹ̀kọ́, kí ibi tí iṣẹ́ ti wúwo jù wá jẹ́ ibi tí ilẹ̀kùn ti tì.

Àwọn àtúnṣe kan wà. Kí ìwé kíkà jẹ́ fáìlì kékeré tí ènìyàn lè gbà sórí fóònù lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì kà á láìsí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Kí a má fi ìpàdé ojúkojú orí fídíò ṣe dandan. Kí owó máa bá agbára orílẹ̀-èdè akẹ́kọ̀ọ́ mu. Kí a sì pín ẹ̀kọ́ sí ìpele, bí wọ́n ti ń ṣe ní Britain, níbi tí krẹ́díìtì (ìwọ̀n iṣẹ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe parí) 60 ti jẹ́ ìwé-ẹ̀rí, tí 120 jẹ́ dípúlómà, tí 180 sì jẹ́ oyè másítà, kí ẹni tí ọ̀nà dí mọ́ má baà lọ lọ́wọ́ òfo.

Màmá náà kò jókòó. “Ọ̀gá mi ní ibi iṣẹ́ sọ pé, níwọ̀n bí kò ti sí pé mò ń rìnrìn àjò, kò sí ìdí tí òun yóò fi fún mi ní àkókò kankan.” Ẹ gbọ́ o: ohun tí mo ti ń yìn láti ìgbà tí mo ti dìde ni ọ̀gá yìí sọ di ẹrù fún un. Mo dáhùn pé kí yunifásítì máa béèrè lẹ́tà lọ́wọ́ ẹni tó gba akẹ́kọ̀ọ́ síṣẹ́ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, tí yóò sọ iye wákàtí tí yóò fi sílẹ̀ fún un lọ́sẹ̀.

Ìgbà yìí ni alága na ìka méjì sí mi, pé ìṣẹ́jú méjì ló kù. Ní kúkúrú: kí iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá jẹ́ lórí ìṣòro kan ní ilé ìwòsàn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀ sì kọ́kọ́ wádìí bóyá ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí náà. Ti ìdánwò, n kò débẹ̀.

Nígbà tí a jáde, màmá yẹn dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà. Ó ní kí n bá òun kọ lẹ́tà náà, òun yóò mú un lọ fún ọ̀gá òun láti buwọ́ lù.